Tírélà Náà Ti Páàkì

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, mo di irin àga mú gírígírí nínú bọ́ọ̀sì tó ń ti Apòmù lọ sí Ìkirè, ni mo bá gbọ́ ohùn obìnrin méjì lẹ́yìn mi.

"Àǹtí, ẹ̀yin náà rèé nínú ọkọ̀! Látìgbà tí tírélà ti kọ lù yín, ṣebí ẹsẹ̀ lẹ fi ń rìn?"

"Dókítà kan n'Íbàdàn ló wo ẹ̀rù ọkọ̀ mi sàn. Ó ní kí n máa rántí ìjàǹbá náà, kí n sì máa fojú tẹ̀lé ìka òun bó ṣe ń lọ sọ́tùn-ún, sósì."

"Ìka lásán?"

"Ìka lásán! Tírélà náà ṣì wà lọ́kàn mi o, àmọ́ ó ti páàkì."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Èmi akọni tẹ́rù ọkọ̀ ń bà, mo bá ń yí orí tẹ̀lé wáípà dírẹ́bà, sọ́tùn-ún, sósì.

"Bàbá, wáípà kì í ṣe dókítà o!" ni Àǹtí wí. "Tá a bá sọ̀, màá júwe ọ̀dọ̀ rẹ̀ fún yín."