Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Ń Bẹ Àwọn Ọ̀mọ̀wé

Lọ́dún tí mo ń wáṣẹ́, mo ń dúró de lẹ́tà mi ní ṣọ́ọ̀bù ìyá kan tó ń tẹ̀wé ní Agbowó, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé ìwádìí rẹ̀ lórí kòkòrò inú ẹ̀wà dé.

"Mà, olùkọ́ mi tún dá a padà. Wọ́n ní mi ò tíì yẹ iṣẹ́ àwọn tó ṣáájú mi wò."

Ìyá náà ka ojú ewé kan. "Òótọ́ ni. Lágbájá ní báyìí, tàmẹ̀dù ní báyìí, gbogbo wọn kàn kí wa, wọ́n kọjá lọ. Oko ni gbogbo wọn ti wo kòkòrò yìí. Ta ló wo ti ọjà Bódìjà?"

"Ṣé kí n wá sọ pé àwọn àgbà yẹn ò mọ̀ ọ́n ni, mà?"

"Rárá o. Sọ pé ibi tí wọ́n wò ni wọ́n rí, ibi tí wọn ò wò ni ìwọ fẹ́ wò."

Gbólóhùn yẹn ò kúrò létí mi títí dòní. Ọmọkùnrin náà jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì, ó tún un kọ, ó sì gbé e fún wọn.

"Ó ti dáa báyìí," ni ìyá náà wí. "Ṣùgbọ́n yọ 'ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú sí mi' kúrò níbẹ̀."