Àtàǹpàkò Abẹ́ Omi

"Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé kọ́kọ́rọ́ yẹn jáde o! Òótọ́ kan wà níkùn mi, mo ti gbé e sùn, mo ti gbé e jí, ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ jẹ́ n pọ̀ ọ́ jáde kí ọkọ̀ yẹn tó kúrò nílé yìí."

Bí Ìyá Aránṣọ ṣe sọ̀rọ̀ nìyẹn láàárín pálọ̀ ní ọ̀sán gangan. Ọkùnrin tó wá ra ọkọ̀ ń dúró lẹ́nu géètì. Ọkọ Ìyá Aránṣọ, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ṣẹ̀ṣẹ̀ na kọ́kọ́rọ́ sí ọmọbìnrin wọn ni, pé kó lọ fún un. Ó ní òun ò wakọ̀ mọ́, iyè òun ti ra.

Ẹ gbọ́ ná, ọkùnrin yìí kì í ṣe awakọ̀ lásán. Ọwọ́ ló fi ń bá àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lójú títì ní gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀: èyí ni 'yà fún mi', èyí ni 'ọlọ́pàá wà níwájú', èyí ni 'táyà rẹ ti ń jò'. Kò ṣì í ṣe rí. Àfi ìgbà tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ti ìsinmi etí òkun dé, tí etí rẹ̀ ọ̀tún di pátápátá, tó wá ń sọ pé òun ti ń darúgbó sódì. Bó bá gbé awò ojú sórí tó sì ń wá a kiri, nǹkan tí gbogbo wa ń ṣe, tiẹ̀ á di àìsàn. Ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ka oògùn sí i lọ́wọ́ bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ìyàwó rẹ̀ ń wò wọ́n látìdí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń ránṣọ rẹ̀ lọ.

"Bàbá wọn, ẹ kọ etí òsì sí mi," ni Ìyá Aránṣọ wí. "Ìwọ náà, jókòó. Ṣé ẹ rántí ọ̀gá òmùwẹ̀ tó kọ́ wa? Ó gbé àgbá afẹ́fẹ́ kọ́ wa lẹ́yìn, ó fi ohun tí a ó máa fi mí sí wa lẹ́nu, ó ní tí a bá ti dé ìsàlẹ̀ omi, ẹnu ò wúlò mọ́, ọwọ́ ló kù. Ẹni tó bá fi àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀lá ṣe òrùka, 'ó dáa' ló ń wí. Ẹni tó bá na àtàǹpàkò sókè, kì í ṣe 'ó dáa' bíi ti orí ilẹ̀ o, 'jẹ́ ká gòkè' ni. Ẹni tó rí i gbọ́dọ̀ ṣe é padà, kí àwọn méjèèjì jọ gòkè, kò sí àríyànjiyàn. Ó pín wa ní méjì-méjì, ó ní ẹnì kan ò gbọdọ̀ fi ẹnì kejì ẹ̀ sílẹ̀. Bàbá yín rẹ́rìn-ín, ó ní, 'Ọ̀gá, iṣẹ́ tí mo fi tọ́mọ lẹ fẹ́ máa kọ́ mi yìí!'

"A bá wọnú omi. Màá sọ ọ́, kò sì ní tì mí lójú: ibẹ̀ dùn! Ó dùn mọ́ mi ju ọjọ́ ìgbéyàwó mi lọ. Láti ìgbà tí mo ti mọ abẹ́rẹ́ dì mú ni wọ́n ti ń pè mí. Oníbàárà á pè mí pé ṣé aṣọ òun ti yá. Ẹ̀yin ọmọ á pè mí. Bàbá yín á pè mí láti ẹ̀yìnkùlé pé kí n wá gbé omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun fún òun. Nísàlẹ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó pè mí. Èémí ara mi nìkan ni mò ń gbọ́. Àwọn ẹja aláràbarà ń kọjá bí ìgbà tí èèyàn da àjákù aṣọ sójú omi. Ìjàpá òkun ńlá kan wá ń lọ sí ìsàlẹ̀ jẹ́jẹ́, mo bá tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi wí torí ìyẹn, kó kọ́kọ́ wá jókòó sídìí ẹ̀rọ mi fún ọdún kan.

"Bàbá yín bá tún pè mí. Nísàlẹ̀ òkun! Ó gbá mi léjìká, ó nàka sí etí ẹ̀, ó wá na àtàǹpàkò sókè. Mo rí i. Ojú tí mo fi ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ ni mo fi rí i. Mo mọ̀ pé ká gòkè ló ń wí. Mo ní, 'Ọkùnrin yìí ò tún ní jẹ́ n gbádùn.' Mo fi ìka mi ṣe òrùka fún un, pé ó dáa, mo bá ìjàpá mi lọ. Ó lè dá gòkè, ṣùgbọ́n wọ́n ti ní kó má fi mí sílẹ̀. Ó ń bọ̀ lẹ́yìn mi, ó ń bọ̀ lẹ́yìn mi, títí nǹkan fi bẹ́ létí ẹ̀."

"Háà! Màmá!" ni ọmọbìnrin náà kígbe.

"Panu mọ́. Mi ò tíì débi tó burú. Nígbà tá a padà sínú ọkọ̀ ojú omi, ẹ̀jẹ̀ ń jáde létí ẹ̀. Ọ̀gá òmùwẹ̀ bi mí pé, 'Màmá, àmì wo ni Bàbá ṣe fún yín?' Gbogbo ojú wà lára mi. Mo fi ìka ṣe òrùka. Mo ní, 'Èyí ló ṣe. Ó ní ó dáa.' Bàbá yín wò mí, ó wo ọwọ́ ara ẹ̀. Ó ní, 'Ìyá wọn, ṣé ó dá ẹ lójú?' Mo ní ó dá mi lójú ṣáká. Ó ní, 'A jẹ́ pé mo ti ń darúgbó nìyẹn.' Òun ló tún wá ń bẹ̀ mí, pé kí n má bínú, òun ti ba ìsinmi mi jẹ́. Mo sì gba ẹ̀bẹ̀! Èmi, ọ̀dàlẹ̀ paraku, mo ní kò sí wàhálà.

"Bàbá wọn, iyè yín ò ra. Ọwọ́ yín ò ṣì í ṣe. Mi ò ní tọrọ àforíjì nítorí òkun, bí wọ́n bá tún gbé àgbá yẹn kọ́ mi lẹ́yìn lọ́la, màá tún lọ. Ṣùgbọ́n etí yín, àti irọ́ tí mo pa mọ́ ọwọ́ yín, ẹ jọ̀ọ́. Ìwọ ọmọ yìí náà, tó o bá fẹ́ kí wọ́n fi ẹ́ sílẹ̀ kó o sinmi, la ẹnu ẹ sọ ọ́ lórí ilẹ̀. Èmi ò sọ ọ́ rí. Ohun tó bà mí jẹ́ nìyẹn."

Bàbá gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó fi ìka ṣe òrùka, ó tú u, ó wá na àtàǹpàkò. "Àtàǹpàkò ni," ló wí jẹ́jẹ́. "Mo mọ̀ pé àtàǹpàkò ni." Ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó kọjá lára ìyàwó rẹ̀ láìwo ojú rẹ̀, ó sọ fún ọkùnrin ẹnu géètì pé kó má bínú, ọkọ̀ ò tà mọ́. Ó wọnú ọkọ̀, ó sì ṣíná sí i.

Ìgbà yẹn ni àyà Ìyá Aránṣọ já. Gbogbo ìgboyà tó ní nínú pálọ̀ ti lọ. Bí ọkùnrin yìí bá wakọ̀ jáde tí kò padà wá ńkọ́? Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà láìwọ bàtà. Bàbá na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, ó gbé àtàǹpàkò sókè. Obìnrin náà ò mọ̀ bóyá ti orí ilẹ̀ ni àbí ti abẹ́ omi, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí wọ́n kọ́ wọn. Ó na tiẹ̀ náà sókè, ó nà án dáadáa, gbogbo àdúgbò rí i.

Bàbá wo ọwọ́ náà títí. "Ṣé o máa wọ ọkọ̀ ni," ló wá bi í, "àbí ìjàpá lo ṣì ń wò?"

Ó sáré wọ ọkọ̀, ó jókòó lápá ọ̀tún ọkọ rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí tó di gan-an. Kò sí bó ṣe fẹ́ rọra sọ ọ́ níbẹ̀.

"Ẹ má bínú o!" ó figbe ta.

"Mi ò gbọ́," ni ọkọ rẹ̀ wí, bó ṣe ń yà sí títì. "Tún un wí."