Ìlà Búlúù Mẹ́jọ Lára Páálí Bójúrí

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ. Ìwọ náà, àbúrò mi, fi aṣọ tí ò ń ká yẹn sílẹ̀, kí o wá ibì kan jókòó sí. Ọ̀rọ̀ kan wà níkùn mi tí mo ti ń gbé káàkiri fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, òní ni mo fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ti fi ọdún mẹ́fà lé ogún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yá. Ṣùgbọ́n dókítà sọ fún mi lánàá pé ọkàn mi ti rẹ̀, kíndìnrín mi náà kò sì ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Bí mo bá gbé ọ̀rọ̀ yìí wọlẹ̀, kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n tí yóò bá mi sọ ọ́.

Gbogbo yín ló rí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí a dé láti ilé ìwòsàn. Oògùn tuntun ni wọ́n fún mi. Dókítà ní yóò fa omi kúrò ní ẹsẹ̀ mi kí n lè mí dáadáa, ṣùgbọ́n ó lè tún kíndìnrín mi pa lára, pé kí a rò ó wò. A rò ó, a sì gbà. Ìdajì hóró lójúmọ́, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ọmọkùnrin mi fi ìgò oògùn náà lé àbúrò mi lọ́wọ́, àbúrò mi sì sọ ọ́ sórí tábìlì bí ẹni tó di ẹyinná mú. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ni kó máa fún wọn. Èmi kì í fọwọ́ kan oògùn." Ẹ bú sẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń fi rẹ́rìn-ín. Ẹ mọ ìtàn bí ara ọmọ rẹ̀ yìí ṣe gbóná nígbà tó wà lóṣù mọ́kànlá, tí ìyá rẹ̀ gbé e àti ìgò oògùn rẹ̀, tó sáré láìwọ bàtà lọ sílé kẹrin, kí aládùúgbò lè bá a wọn ṣíbí kan péré. Ẹ ní bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Irọ́ ni. Èmi ni mo ṣe é bẹ́ẹ̀.

Aránbàtà ni bàbá wa. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, tí ìyá wa sì ti kú, ajá kan ló kù tó ń bá a gbé, ajá pupa kan tí etí rẹ̀ òsì ká wọnú. Inú gọ́tà ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ló ti rí i nígbà tó kéré. Ó sọ ọ́ ní Bójúrí, torí ó ní bójú bá rí, ẹnu a dákẹ́. Ẹsẹ̀ Bàbá ti ń wúwo nígbà náà, ajá yìí ló sì ń mú un jáde láràárọ̀ dé ẹnu géètì. Bí Bójúrí kò bá dìde, Bàbá náà kò ní dìde.

Àwa méjì la pín ọjọ́ ìtọ́jú Bàbá láàárín ara wa. Èmi tí ilé mi wà ní òpópónà kejì ni mo ni Ọjọ́ Ajé, Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú. Àbúrò mi a wọ bọ́ọ̀sì wá láti òdìkejì ìlú ní Ọjọ́bọ̀, a sì sùn síbẹ̀ títí di Àbámẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: mo jowú àbúrò mi. Mo ti ń jowú rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wálé nínú aṣọ ìnura. Èmi ni mò ń fọ aṣọ Bàbá, èmi ni mò ń nu ilé ìwẹ̀, èmi ni mò ń bá a jà lórí iyọ̀ tó ń bù sóúnjẹ. Alákòóso ló ń pè mí. Àbúrò mi á wọlé, á fìdí lé apá àga rẹ̀, á dá àpárá kan tí kò tilẹ̀ pani lẹ́rìn-ín, Bàbá á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọ̀wọ́n ló ń pè é. "Ọ̀wọ́n mi dé!" Mo ti pé ọmọ ogójì ọdún, ẹ̀yin ọmọ, mo sì ń ka iye ìgbà tó ń pe Ọ̀wọ́n lójúmọ́. Ajá pàápàá, tó bá gbọ́ bàtà rẹ̀ lójú ọ̀nà, á máa fi ìrù lu ilẹ̀. Èmi tí mò ń bọ́ ọ, ojú lásán ló fi ń wò mí.

Nígbà tí ìbàdí Bójúrí bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, a gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, obìnrin tín-ín-rín kan tó máa ń so gíláàsì ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn. Ó gbé ajá sórí ìwọ̀n, ó fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò, lẹ́yìn náà ló mú ìwé funfun kan, ó fa ìlà sí àárín rẹ̀. Ní apá kan ló kọ ohun tí oògùn náà yóò fún ajá sí: ìrora yóò lọ, oorun yóò wá, yóò lè rìn. Ní apá kejì ló kọ ohun tó lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀: ó lè dá ọgbẹ́ sí i nínú, ó lè ba ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín jẹ́. "Ìdajì hóró lójúmọ́, lẹ́yìn oúnjẹ," ló wí. "Ẹ má fi kún un. Ẹ má sì fi oògùn ara ríro tí ènìyàn ń lò kún un láéláé. Bí kò bá jẹun, tó bá ń bì, tàbí tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, ẹ dá oògùn dúró, kí ẹ gbé e wá lọ́jọ́ náà gan-an."

Bàbá bi í pé, "Tí a ò bá fún un ńkọ́?"

"Yóò wà láàyè, Bàbá. Nínú ìrora ni yóò wà."

Bàbá wo ajá náà títí. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó rìn."

Nígbà tí a délé, ó gé páálí bàtà kan, ó kọ ọjọ́ sí i, ó sì kàn án mọ́ ògiri kíṣìnì. Ẹni tó bá fún ajá lóògùn á fa ìlà kan. Bíró pupa ni tèmi, ó wà nínú báàgì mi. Búlúù ni ti àbúrò mi, ó fi òwú so ó mọ́ páálí náà. Bàbá ló ń fún un ní ọjọ́ Àìkú, pẹ́ńsùlù ni òun ń lò.

Oògùn ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹ wo irú ọjọ́ tó yàn. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ àbúrò mi, ni Bójúrí dìde fúnra rẹ̀ tó rìn dé géètì. Bàbá pàtẹ́wọ́. Ó fi fóònù pè mí láti sọ ọ́ fún mi, àbí ẹ ò rí nǹkan! "Ọ̀wọ́n lọ́wọ́ ire," ló ń wí. Nígbà tó di ọjọ́ tèmi, ajá dùbúlẹ̀ síbẹ̀ bí ẹni tí mo ṣẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé àbúrò mi máa ń fi aṣọ tó ki bọ omi gbígbóná jó o ní ìbàdí kó tó dìde. Èmi kò béèrè. Ta ni mo fẹ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀? Mo kàn fún ajá ní odindi hóró dípò ìdajì.

Ó dìde. Ó tẹ̀ lé mi dé ibi tí mò ń sá aṣọ sí. Bàbá ní, "Alákòóso, ìwọ náà!" Bí wọ́n ṣe ń bu omi tútù sí ọ̀nà ọ̀fun ni ọ̀rọ̀ yẹn rí lára mi. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn ní gbogbo ọjọ́ mi. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, mo mú oògùn ẹ̀yìn ríro mi nínú báàgì, èyí tí dókítà ní a ò gbọ́dọ̀ fún un, mo lọ̀ ọ́, mo fi pò mọ́ oúnjẹ rẹ̀. Ajá sáré! Ajá arúgbó yìí sáré nínú ọgbà, Bàbá sì rọ̀ mọ́ ọ̀pá rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó kígbe pé, "Ọ̀wọ́n, wá wò ó!" Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun sì ni. Bóyá ó ṣì í pè ni o. N kò bi í. Orúkọ yẹn kàn mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ayé mi, mo sì ti ṣe tán láti fi ajá rà á.

Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kẹta, mo rí ìgbẹ́ Bójúrí lẹ́yìn ẹ̀rọ omi. Ó dúdú bí ọ̀dà. Mo mọ ohun tó jẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi wá àwáwí, mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé e lọ, wọn yóò yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, àṣírí á tú. Mo fi ẹsẹ̀ wọ́ yẹ̀pẹ̀ bò ó. N kò fún un lóògùn lọ́jọ́ náà, mo ju ìdajì hóró náà nù, mo sì fa ìlà mi bí ẹni tó fún un.

Àbúrò mi pè mí lórí fóònù ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, Bójúrí ò jẹun o. Ṣé kí n dá oògùn rẹ̀ dúró?"

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ibí ni mo ti pa á. Ó bi mí léèrè. Ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, ọ̀rọ̀ kan péré ló kù. Mo sì dáhùn pé, "Fún un. Àkẹ́jù ló ń bá a jà. Dókítà ní a ò gbọ́dọ̀ fò ó."

Ó fún un. Ní ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀jẹ̀ ni Bójúrí ń bì. Àbúrò mi àti Bàbá gbé e sínú ọkọ̀ lọ, dókítà sì pè mí lórí fóònù pé kí n mú ìgò oògùn àti páálí wá. Èmi nìkan ni mo wà ní kíṣìnì, oòrùn ọ̀sán ń wọlé láti ojú fèrèsé. Mo ka oògùn inú ìgò: hóró mẹ́rin ló dín sí iye tí páálí wí. Ìdajì mẹ́jọ, ọjọ́ mẹ́jọ tí mo ti fi kún un. Bíró búlúù wà níbẹ̀, òwú rẹ̀ ń mì. Mo fà á, mo fi fa ìlà kejì sí ọjọ́ mẹ́jọ tó jẹ́ ti àbúrò mi.

Ajá kú lórí tábìlì dókítà kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Obìnrin náà ka oògùn, ó wo páálí. "Ta ló fa ìlà méjì-méjì yìí?" Bàbá yíjú sí àbúrò mi. Àbúrò mi ń wo àwọn ìlà náà, ó ń wò wọ́n, mo sì rí i bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbà wọ́n gbọ́. Ó ní, "Bóyá mo ti fún un tẹ́lẹ̀ ni, mo gbàgbé. Bóyá èmi ni." Dókítà ní, "Ìdajì yìí nìkan kò yẹ kó ṣe tó báyìí. Ǹjẹ́ ẹ fún un ní nǹkan mìíràn?" Èmi ni mo kọ́kọ́ dáhùn. Rárá ni mo wí.

Bàbá kò pe Ọ̀wọ́n mọ́ láti ọjọ́ náà. Mo ti rò pé bó bá bọ́ lọ́rùn rẹ̀, ọrùn tèmi ni yóò kọ́. Kò pe ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ mọ́ títí tó fi kú. Kò sì lọ sí ẹnu géètì mọ́. Lóṣù kẹrìnlá lẹ́yìn ikú ajá, nígbà tó kù díẹ̀ kó lọ, ó ní kí n pe àbúrò mi wá fún òun lóògùn. Ó fẹ́ dárí jì í, mo mọ̀. Àbúrò mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Bàbá mi, ẹ má jẹ́ kí n tún pa yín." Èmi ni mo fún un lóògùn. Ìka mi yìí ni.

Ẹ̀yin ọmọ, òjòwú kò lẹ́ran láyà. Ẹ má rò pé owú ti kú lára mi nítorí mo ń jẹ́wọ́. Ní àárọ̀ òní, nígbà tí ẹ̀yin méjèèjì rọ̀gbà yí àbúrò mi ká tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, nǹkan náà tún ta mí láyà. Bó bá ta yín, ẹ sọ ọ́ síta nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ má jẹ́ kó dé ọwọ́.

Àbúrò mi, páálí náà nìyí. Mo fi pamọ́ sí ìsàlẹ̀ àpótí mi. Mú gíláàsì rẹ, kí o wò ó. Ìlà tìrẹ máa ń dagun sápá òsì, tèmi a máa dúró ṣánṣán. Ka àwọn tó dúró ṣánṣán nínú búlúù wọ̀nyẹn. Mẹ́jọ ni. Ọwọ́ rẹ kò pa ajá. Ọwọ́ rẹ kò pa nǹkan kan rí.

N kò ní ẹnu tí mo fi lè ní kí o dárí jì mí lónìí. Bó bá di ọ̀la tàbí tí kò bá dé rárá, ẹ̀tọ́ rẹ ni. Ohun kan péré ni mo ń bẹ̀ ọ́ fún. A ti jẹun ọ̀sán, oògùn mi wà lórí tábìlì, ọ̀bẹ kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Má pe ọmọ rẹ. Dìde, kí o fi ọwọ́ ara rẹ gé e fún mi. Ìdajì ni, Ọ̀wọ́n.