Ọjọ́ Tí Mo Sẹ́ Jùwọ́nlọ Nínú Oko Ọsàn

Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ má pàtẹ́wọ́ fún mi mọ́, ẹ jọ̀ọ́. Pásítọ̀ ní kí n wá gba àwọn ọ̀dọ́ níyànjú torí pé mo jẹ́ òṣèré tẹlifíṣọ̀n. Bí mo ṣe ń wọ̀lú láàárọ̀ yìí ni mo rí ohun tí ò jẹ́ kí n lè parọ́ mọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó tó pa mí.

Ẹ mọ̀ mí sí Ará Ìràwọ̀, ẹ̀dá olórí fàdákà tó ń sọ èdè tẹ́nì kan ò gbọ́. Àwọn oníròyìn bi mí pé, "Ọ̀gbẹ́ni Obadiah, níbo lẹ ti rí èdè yìí?" Mo ní inú ọpọlọ mi ni. Irọ́ gbuu! Ẹnà ni. Jùwọ́nlọ ló dá a sílẹ̀ nígbà tí àwa méjèèjì ń wa iṣu lóko ìyá rẹ̀ ní Ìlọrà níbí. A ó sọ ọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn wá síwájú, a ó tún fi "ńtí" há a láàárín, àwọn ẹgbẹ́ wa ò ní gbọ́ nǹkan kan. Ìyá rẹ̀, Màmá Beatrice, ló tọ́ mi nígbà tí mi ò ní bàbá, tí mi ò ní ìyá.

Àwọn onítẹlifíṣọ̀n gbúròó pé Jùwọ́nlọ máa ń fi ẹnà ṣe eré ọjọ́ ìkórè. Kò ní fóònù, tèmi ni wọ́n pè. "Ẹ bá wa sọ fún un kó wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè." Mi ò sọ fún un. Èmi ni mo lọ, mo ní èmi ni mo ni ẹnà. Ọ̀dàlẹ̀ ni mí, ẹ má fi orúkọ mìíràn pè é.

Ìyẹn ṣì kéré. Ní ọdún kẹta, oko ọsàn kan ní Fìdítì la ti ń ya eré, mo wọ orí rọ́bà mi. Àfi bí Jùwọ́nlọ ṣe yọ láàárín igi, eruku bò ó dé orúnkún, tó ń ké pé, "Kúńtí-tińtí-máńtí-màńtí!" Kò fẹ́ túfọ̀ fún mi lójú àlejò, ló ṣe fi ẹnà sọ ọ́. Mo gbọ́ ọ yékéyéké: Màmá ti kú.

Dárẹ́kítọ̀ bi mí pé, "Ṣé o mọ ọkùnrin yìí? Èdè rẹ ló ń sọ!" Ẹ̀rù bà mí pé àṣírí fẹ́ tú. Mo ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Wèrè ni. Ẹ lé e dànù." Wọ́n wọ́ ọ nílẹ̀ tuurutu. Ó yíjú padà, ó ní, "Obadiah, ṣé ìwọ náà rèé?" Mo kẹ̀yìn sí i.

Ṣé ẹ rò pé ó tán níbẹ̀? Dárẹ́kítọ̀ ní igbe ọkùnrin yẹn dùn létí, kí n ké e nínú eré. Ayé mi! Mo ké e. Mo fi ikú ìyá tó tọ́ mi ṣe eré títí ó fi di orúkọ fún mi, mi ò sì lọ síbi ìsìnkú rẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì, àwọn ọmọ yín tò tẹ̀lé mi, wọ́n ń kọ ọ́ lórin: "Kúńtí-tińtí-máńtí-màńtí!" Jùwọ́nlọ wà níbẹ̀ tó ń tún ọ̀kadà ṣe. Kò bú mi. Ó kàn dorí kodò, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ọdún mẹ́fà gbáko ló ti ń gbọ́ ikú ìyá rẹ̀ lẹ́nu àwọn ọmọdé nítorí mi!

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó mọ̀ yín kí ẹ tó lórúkọ, ẹ má sẹ́ ẹ. Ẹ̀yin òbí, ẹ bá mi pa àwọn ọmọ lẹ́nu mọ́.

Jùwọ́nlọ, mo rí ọ níbi ìjókòó ẹ̀yìn yẹn. Mi ò lẹ́nu láti ní kí o dárí jì mí lónìí. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, mú mi dé ibojì Màmá. Mi ò mọ ibi tí ẹ sin wọ́n sí.