Ìbéèrè Máṣíìnì Tí Àǹtí Mi Bi Wá Lẹ́ẹ̀mẹta

Ẹ má tíì dá mi lóhùn, Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, ó ti dé ọ̀nà ọ̀fun mi, bí mi ò bá sọ ọ́, màá bì í ni. "Máṣíìnì mi ò rán mọ́, kí ni kí n ṣe?" Ṣé ìbéèrè nìyẹn? Irú máṣíìnì wo? Aṣọ wo lẹ ń rán? Ṣé òwú ló ń já ni àbí abẹ́rẹ́ ló kán? Ẹ kàn da ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bí ẹni da omi ìfọṣọ sójú títì, ẹ bá tiyín lọ.

Mo ti ìbéèrè yẹn pa. Iṣẹ́ tí wọ́n fún mi lórí ìkànnì íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn aránṣọ ti ń bira wọn ní ìbéèrè nìyẹn: èyí tí kò bá yé ni, kí n tì í, kí ẹni tó ni ín wá tún un kọ, ká sì ṣí i padà. Ìlà méjì péré lẹ̀ bá fi kún un. Kàkà kẹ́ ẹ tún un kọ, ẹ fi orúkọ mìíràn wọlé, ẹ tún béèrè ohun kan náà. Mo tún tì í. Ẹ tún gbé orúkọ kẹta dé.

Ta ló sọ fún mi pé ẹ̀yin ni? Fọ́tò yín ni. Sílípáàsì búlúù tí mo bá yín fi òwú dúdú rán etí rẹ̀, òun ló wà lórí pẹ́dà tẹ́ ẹ fi ń tẹ máṣíìnì. Ẹ ya sílípáàsì, ẹ ya ife tíì, máṣíìnì gan-an ò sí níbẹ̀. Ó rí mi lára bí ẹni jẹ irun mọ́ oúnjẹ.

Ẹ̀n-ẹ́n, ẹ ní ìbéèrè ò pànìyàn. Ó ń lé èèyàn lọ ṣá. Bàbá Alábẹ́rẹ́ tó ti ń tún máṣíìnì ṣe láti ogójì ọdún, tó jẹ́ ìdáhùn rẹ̀ lórí ìkànnì wa ni mo fi ń kọ́ṣẹ́ látìgbà tí mo ti jáde ilé ìwé, ó ka ìbéèrè ẹlẹ́ẹ̀kẹta yín láàárọ̀ yìí, ó ní òun ò bá ẹni tí kò lè wo ohun tó wà níwájú ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́, ó ní ó dìgbóṣe, ó kúrò lórí ìkànnì. Mi ò tiẹ̀ tíì kí i rí. Ojú ń tì mí, mo kàn máa ń kà á ni.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ ṣí abẹ́ máṣíìnì yẹn, ẹ wò ó níṣojú mi.

Kí lẹ wí? Kò sí òwú nínú bọ́bììnì, kẹ̀kẹ́ òwú kékeré abẹ́ yẹn?

Àǹtí mi. Ẹ gbé fóònù yín. Orúkọ yín gan-an lẹ máa lò. Ẹ kọ ọ́ sí bàbá yẹn pé òwú ló tán, pé ẹ ò wò ó, kó foríjì yín, kó padà. Mi ò ní bá yín kọ lẹ́tà kan níbẹ̀. Ibí ni mo jókòó sí títí ẹ ó fi kọ ọ́ tán.