Èmi Ni Mo Tú Màrìwò Igbó Wa

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe sùúrù kà á dé ìparí kí ẹ tó bú mi. Èébú tọ́ sí mi, n kò sá fún un. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbọ́ mi ná.

Ọdún keje rèé tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú. Ọkọ mi ò mọ̀. Àwọn ọmọ mi ò mọ̀. Mo ti gbààwẹ̀ lé e lórí, mo ti sunkún lé e lórí, kò kúrò lọ́kàn mi. Ohun tó mú mi sọ̀rọ̀ báyìí ni pé ní Sátidé tó ń bọ̀, ìlú mi fẹ́ fi mí joyè. Wọ́n ní èmi ni mo dúró ti igbó wa nígbà tí ẹlòmíràn dà á. Irọ́ ni. Èmi ni mo dà á.

N kò ní dárúkọ ìlú wa. Kò tóbi, kò sì jìnnà sí Ìpáò. Aránṣọ ni mí níbẹ̀, mo ti lé ní àádọ́ta ọdún.

Igbó kan wà lẹ́yìn ìlú wa tí àwọn tó tẹ ìlú dó yà sọ́tọ̀. Ìrókò wà níbẹ̀, àràbà wà níbẹ̀, ẹdun ń fò láti orí ọ̀kan sí èkejì. Omi kan ń sun lábẹ́ àpáta nínú rẹ̀, tí kì í gbẹ bí ọ̀gbẹlẹ̀ ti wù kó le tó. Ìrókò tó dàgbà jù ló wà láàárín. Bí ọba tuntun bá jẹ, alágbẹ̀dẹ á rọ irin kan, ọba á sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbá a wọ ara igi náà. Àwọn baba wa ò mọ ìwé kọ. Ara igi yẹn ni wọ́n ti ń ka àwọn ọba wọn.

Ìdílé bàbá mi ló ń tọ́jú igbó yìí. Lọ́dọọdún, kí iṣu tuntun tó wọ ìlú, bàbá mi á já màrìwò tútù, á ta á láti ara igi kan sí èkejì lẹ́nu ọ̀nà igbó. Màrìwò kan ṣoṣo yẹn ló bo gbogbo igbó. Bó bá ti wà níbẹ̀, kò sí ọmọ ìlú tàbí ará abúlé tó máa gbé àdá kọjá rẹ̀. Ọmọ ìdílé wa nìkan ló sì lè tú u.

Bọ̀dá mi, Rópò, ló yẹ kó gba iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Ìbàdàn ló ti dàgbà, ó sì ti ibẹ̀ bọ́ sí Èkó. Kò wọ igbó yẹn rí. Bàbá mi bá fi iṣẹ́ náà lé èmi obìnrin lọ́wọ́. Bàbá Àjàyí, àbúrò bàbá mi, bínú. Ó sọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn pé òun ló tọ́ sí. Oṣù díẹ̀ ló fi bínú o, lẹ́yìn náà ó gbà, ó sì máa ń bá mi já màrìwò.

Bàbá mi kọ́ mi ní orúkọ àwọn ọba. Á mú ìka mi lé irin kan, á dárúkọ ẹni tó gbá a. Àwọn irin àtijọ́, èèpo igi ti gbé wọn mì, kókó wọn nìkan ni ọwọ́ ń bà. Bàbá mi á ní, "Ùwọ ọmọ mi, má fojú kà á. Fọwọ́ kà á." Lóòótọ́, bí ọwọ́ mi bá wà lára igi, gbogbo wọn ni mo mọ̀. Bí mo bá dé ilé, mo máa gbàgbé ìdajì.

Bàbá mi kú. Mo ń bá iṣẹ́ náà lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, ojú ń tì mí. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì sọ mí ní Ìyá Onímàrìwò. Bí mo bá ń bọ̀, wọ́n á ní, "Ẹ yà fún un o, kó má so wá mọ́gi!" Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kí nǹkan kan gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ mi.

Bọ̀dá mi ló wá gbà á. Ó ti Èkó dé ní òpin ọ̀sẹ̀ kan, ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó ń bẹ̀ mí bí ẹni pé èmi ni ẹ̀gbọ́n. Ó ní wọ́n fẹ́ fẹ ọ̀nà tó gba ẹ̀gbẹ́ igbó, pé ìrókò kan tó tẹ̀ sójú ọ̀nà nìkan ni wọ́n máa gé lọ́jọ́ Ajé. Igi kan ṣoṣo. Ó ní àwọn tó máa gé e jẹ́ ọmọ agbègbè wa, wọn ò ní fọwọ́ kan igi kankan bí màrìwò bá ṣì wà níbẹ̀. Mo ní n kò lè tú u. Ó wò mí, ó ní, "Ṣé ìwọ tó ń gba ara Olúwa lo ń bẹ̀rù imọ̀ ọ̀pẹ?"

Ọ̀rọ̀ yẹn bà mí níbi tó ń dùn mí. Mo gbà.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ni mo lọ, nígbà tí gbogbo ìlú ti ìsìn dé tí wọ́n ń jẹ iyán. Màrìwò ti gbẹ. Kò gbà mí lákòókò rárá. Mo ká a, mo fi í sábẹ́ koríko. Mo mọ̀ dáadáa pé màrìwò yẹn ò mọ igi kan yàtọ̀ sí èkejì. Bí o bá ti tú u, gbogbo igbó lo tú. Mo ní láti ọjọ́ Ìsinmi di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí ló lè ṣẹlẹ̀? Mo ní bí wọ́n bá ti gé igi kan yẹn tán, màá já tútù, màá so ó padà. Ọlọ́gbọ́n aránṣọ! Mo rò pé màrìwò dà bí okùn ìró tí mo lè tú kí n tún so.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, bọ̀dá mi pè mí lórí fóònù. Ó ní ìyàwó òun ń ti Èkó bọ̀, pé kí n lọ dúró dè é ní ilé mọ̀lẹ́bí wa kan ní Ìfàkì, kí n mú un wá sílé. Mo lọ. Mo dúró lọ́jọ́ Ajé, n kò rí i. Mo dúró lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Bọ̀dá mi kò gbé fóònù mọ́. Lọ́sàn-án Ọjọ́rú mo gun ọ̀kadà padà sílé. Ìyàwó rẹ̀ kò tilẹ̀ jáde kúrò ní Èkó.

Ẹ̀yin ará, kí n tó rí igbó ni mo ti gbóòórùn igi tútù. Wọ́n ti gé gbogbo rẹ̀. Àwọn onígẹdú tí bọ̀dá mi mú wá ti kó èyí tó dára lọ. Ìrókò àwọn ọba nìkan ni wọn ò kó. Wọ́n ti gé e lulẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ là á sí wẹ́wẹ́, ayùn wọn ń kán lára irin, wọ́n bá bínú fi í sílẹ̀. Kò wúlò fún wọn, kò sì lè dìde fún wa mọ́. Òjò àti oòrùn ló bà á jẹ́. Àwọn tó ń ra àjákù irin wá yọ àwọn irin náà níkọ̀ọ̀kan. Omi abẹ́ àpáta kò la ọ̀gbẹlẹ̀ kejì já. Àwọn ẹdun jókòó sórí òrùlé ilé-ìwé fún ọjọ́ bíi mélòó kan, lẹ́yìn náà a ò rí wọn mọ́.

Nígbà tí bọ̀dá mi wá gbé fóònù, ohun tó sọ ni pé, "Igi ni. Yóò hù padà." Ọmọ ìyá mi nìyẹn! Ẹni tí ìyá mi máa ń tọ́jú ẹran tirẹ̀ dè bó bá ń bọ̀ láti Ìbàdàn! Mo bú u, mo sunkún, ó pa fóònù. Ikú ilé ló ń pani.

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí, màá ní ẹnì kan ló tàn mí jẹ. Ṣùgbọ́n èmi náà tan ẹlòmíràn.

Ọba pe ìlú jọ. Wọ́n ní ọmọ ìdílé wa ló tú màrìwò, kò lè jẹ́ ẹlòmíràn. Gbogbo ayé rí mi nígbà tí mo wọ mọ́tò lọ sí Ìfàkì, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò fura sí mi. Bọ̀dá mi dìde láàárín wọn, ó ní Bàbá Àjàyí ni, pé láti ìgbà tí wọ́n ti fi iṣẹ́ náà lé obìnrin lọ́wọ́ ló ti ń wá bó ṣe máa gbẹ̀san. Ojú kò tì í. Bàbá Àjàyí sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré pé, "N kò tú u." Mo wà níbẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo ń wo ẹsẹ̀ mi.

Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má kí i mọ́, kó má sì wọ ààfin mọ́. Òun àti ìyàwó rẹ̀ kó lọ sí ahéré rẹ̀ lóko. Nígbà tí ìyàwó náà kú, ẹnikẹ́ni kò lọ bá a kẹ́dùn. Èmi náà ò lọ.

Ní oṣù tó kọjá, ọba ránṣẹ́ sí mi. Ó ní àwọn fẹ́ gbin igi tuntun sí igbó náà, pé èmi ni wọ́n fẹ́ fi ṣe olórí rẹ̀, kí n sì kọ orúkọ àwọn ọba àtijọ́ wá kí wọ́n má bàa parun. Mo jókòó, mo kọ mọ́kànlá. Èyí tó kù kò wá. Kò sí irin tí màá fọwọ́ kàn mọ́.

Ẹnì kan ṣoṣo ló kù láyé tó mọ̀ wọ́n. Mo mú ìwé àti bírò, mo lọ sí ahéré Bàbá Àjàyí.

Ó ti gbó. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Mo kúnlẹ̀, ó mọ ohùn mi. Ó ní kí n jókòó. Mo sọ ohun tí mo bá wá. Kò bi mí ní nǹkan kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ. Ó ń fi ìka kan ògiri ahéré bó ti ń kà. Mo kọ gbogbo rẹ̀ tán. Mo fẹ́ dìde.

Ó ní, "Ó ku orúkọ kan. Kọ orúkọ ẹni tó tú màrìwò sí i."

Mo padà jókòó.

Ó ní, "Mo wà lẹ́bàá omi lọ́jọ́ náà. Mo rí ọ, mo rò pé o fẹ́ fi tútù pààrọ̀ rẹ̀ ni. Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní ìlara ni. Mo ní ọmọ ẹ̀gbọ́n mi á wá sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ọdún méje. Ṣé o ò mọ ọ̀nà ulé mi ni?"

Mo dojú bolẹ̀, mo ń bẹ̀ ẹ́. Kò sọ pé òun dárí jì mí, kò sì lé mi. Ìwé náà wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ mi bí mo ti ń kọ èyí. N kò tíì kọ orúkọ tó kù sí i.

Bí mo bá jẹ́wọ́ níwájú ọba lọ́jọ́ Sátidé, ohun tí wọ́n ṣe fún Bàbá Àjàyí ni wọ́n máa ṣe fún mi, pẹ̀lú ọkọ àti àwọn ọmọ mi. Bí mo bá dákẹ́ tí mo gba oyè náà, ahéré yẹn ni Bàbá máa kú sí pẹ̀lú orúkọ ọ̀dàlẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Nígbà tí mo ń lọ lọ́jọ́ náà, Bàbá pè mí padà láti ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Lọ́jọ́ tí o bá ń joyè, ṣé wọ́n á jẹ́ kí n wọ ulú wá wò ọ́?"

N kò mọ̀ bóyá ó ń bá mi wí ni, tàbí ó ń béèrè lóòótọ́. N kò tíì dá a lóhùn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ fún un?