Ohun Tí Mo Dé Sójú Ìyá Ọkọ Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Oṣù mẹ́ta ni mo ti pa àṣírí kan mọ́ra. Ṣùgbọ́n ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ gbé ìyá ọkọ mi lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú alárùn ọpọlọ, èmi nìkan ni mo sì mọ̀ pé ọpọlọ wọn pé.

Aránṣọ ni mí ní àdúgbò Under G, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Lẹ́yìn ọmọ kẹta, mo sanra débi pé mo ń mí hẹlẹ tí mo bá gun àtẹ̀gùn. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó jẹ́ kọ́sítọ́mà mi fi ẹ̀rọ VR tó fi ń ṣe eré ìdárayá hàn mí, èyí tí wọ́n ń dé sójú bí awò ńlá. Tí èèyàn bá ti dé e, á dà bíi pé ibòmíràn ló wà. Ọkọ mi ní òun ò fẹ́ irú rẹ̀ nínú ilé òun, pé kí n máa rìn yí àdúgbò ká. Mo rà á ní ìkọ̀kọ̀.

Mi ò níí parọ́, ó wúlò fún mi. Tí ọkọ mi bá ti lọ síbi iṣẹ́, màá máa fi ẹ̀ṣẹ́ lu àwọn bọ́ọ̀lù tó ń fò bọ̀ nínú rẹ̀ títí òógùn á fi bò mí. Ara mi fúyẹ́.

Ìgbà náà ni Ìyá wá kí wa láti Ọ̀yọ́. Ẹ̀jẹ̀ wọn máa ń ru, dókítà sì ti ní kí wọ́n máa ṣe eré ìdárayá. Ẹ jọ̀ọ́, ire ni mo rò. Mo dé e sójú wọn ní pálọ̀, mo ṣí ibi tí òkun wà. Ìyá pariwo, "Yéè! Omi rèé o! Ó ń bọ̀ lẹ́sẹ̀ mi!" Wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Ẹnì kan kanlẹ̀kùn. Mo ní kí Ìyá dúró sójú kan, mo jáde. Kí n tó padà, mo gbọ́ gbì. Wọ́n ti rìn lọ kọlu tábìlì. Egungun ìbàdí wọn kán, wọ́n sì forí gbálẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi. Kí n tó kígbe pé kí àwọn èèyàn gbà mí, mo kọ́kọ́ bọ́ ẹ̀rọ yẹn, mo tì í sábẹ́ àjákù aṣọ. Mo sọ fún ọkọ mi pé òòyì ló kọ́ wọn.

Nígbà tí Ìyá lajú ní ọsibítù, wọ́n ní, "Etí òkun ni mo wà. Ìyàwó mi ló fi nǹkan bò mí lójú."

Ọkọ mi àti àwọn ọmọ Ìyá tó kù wò mí. Mo ní, "Ìyá, kò sí nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀, mà."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń sọ pé ìṣubú yẹn ló dà wọ́n lórí rú. Bí Ìyá ṣe ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ òkun, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ wọn ń sunkún. Oògùn tí wọ́n ń fún wọn báyìí ń mú kí wọ́n máa sùn ṣáá.

Mo fẹ́ jẹ́wọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kí n tó lanu, ọkọ mi ní, "Ẹni tó bá mọ ohun tó ṣe ìyá mi tí kò sọ, Ọlọ́run ló máa bá mi dá a lẹ́jọ́." Mo yí ọ̀rọ̀ padà, mo bi í bóyá kí n gbé oúnjẹ wá.

Láàárọ̀ yìí, Ìyá di ọwọ́ mi mú. "Ìyàwó mi, àwa méjèèjì la jọ wà níbẹ̀. Ṣé mo ti ń ya wèrè ni?"

Mo ní, "Ẹ sinmi, mà."

Wọ́n fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Wọ́n ní bóyá àlá ni àwọn lá lóòótọ́.

Ẹ̀rù ń bà mí. Ọkọ mi lè lé mi, ọmọ mẹ́ta ni mo sì bí fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún, òun ni tàbí Ìyá? Ẹ bá mi wá gbólóhùn àkọ́kọ́ tí mo máa sọ. Tí ìyẹn bá ti jáde lẹ́nu mi, màá lè sọ ìyókù.